Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Gun Máṣíìnì Nílùú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń fi máṣíìnì gbé oúnjẹ kiri ní London, Manchester àti Leeds, ẹ ti fara da òtútù dé oṣù Kẹta, ẹ ò ṣubú, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹ ń gùn. Èyí tí mò ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Peckham lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ń kọ mí lóminú. Ṣéènì ti pọ́n bí osùn, ara ẹ́ńjìnnì ti hu funfun, ẹ sì tún ń gbé e jáde bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tú irin, tí mo sì ń tò ó padà níbí. Ẹ gbọ́ tẹnu mi.

1. Ẹ mọ ohun tó ń bá yín jà. Òtútù kọ́, òjò kọ́, iyọ̀ ni. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kẹrin, alẹ́ tí wọ́n bá ti rí i pé ilẹ̀ fẹ́ dì, ọkọ̀ káńsù á jáde, wọ́n á máa fọ́n iyọ̀ sójú títì, torí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Iyọ̀ inú àpáta ni. Abẹ́ ilẹ̀ Winsford ní Cheshire ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wá èédú ti ṣàdédé kàn án lọ́dún 1844. Iyọ̀ tí à ń fi wúre fún ọmọ tuntun nílé náà ni, àmọ́ irin ò mọ ìyẹn ní ìwúre. Táyà iwájú á fọ́n ọn sí rédíétọ̀ àti ìdí ẹ́ńjìnnì, tẹ̀yìn á fọ́n ọn sí ṣéènì àti gbogbo kọ̀rọ̀ tí ojú yín ò tó.

2. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ooru tó dé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ọ̀pọ̀ yín gbà pé inú òtútù gan-an ni iyọ̀ ti ń ba irin jẹ́, pé bí oòrùn bá ti yọ, ewu ti kọjá. Irọ́ ni. Bí òtútù bá mú dé góńgó, iṣẹ́ iyọ̀ á falẹ̀. Ìgbà tí ara ilẹ̀ bá ń móoru bọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń yá. Iyọ̀ sì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ tó ti gbẹ á tún di omi fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Lóru, afẹ́fẹ́ ìlú yìí sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, máṣíìnì tí ẹ gbé sí kọ̀rọ̀ ilé, tí ẹ fi tapólì bò, tí ẹ ní ó ń sinmi, iyọ̀ ń jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ ìbora ni. Ẹ fi èékánná ha ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Bí ìyẹ̀fun funfun bá bọ́ sílẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣe hárahàra, alumíníọ̀mù ti ń jẹrà nìyẹn. Bí òjò gidi bá ti fọ ojú títì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ò rí ọkọ̀ oníyọ̀ mọ́, ẹ má fi dọ̀la.

3. Omi tútù lẹ ó kọ́kọ́ lò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ń kan gógó, omi gbígbóná ló wù yín. Ooru ni iyọ̀ náà ń wá. Ẹ má fún un. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, kí ẹ fi hóòsì da omi sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó sì pẹ́. Abẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí abẹ́ ni iyọ̀ ń gbé. Rédíétọ̀ fẹ́ sùúrù, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kò le, ó tètè ń wọ́. Ẹ sì yàgò fún ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi nílé epo. Ó máa ń ti omi kọjá rọ́bà tó bo bíárìn táyà, omi náà ò ní rọ́nà jáde mọ́, bó bá yá, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọṣẹ tí à ń fi fọ abọ́ náà, ẹ fi sílẹ̀ fún abọ́. Iyọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọṣẹ ọkọ̀ ni kí ẹ rà.

4. Ṣéènì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun sikúútà, ẹ fo èyí, Ọlọ́run ti yọ yín. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ (páráfíìnì ni wọ́n ń pè é níbí) àti búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti epo bẹntiróòlù, rárá. Àwọn rọ́bà kékeré kan wà láàárín ojú ọ̀pọ̀ ṣéènì tó há gíríìsì tí iléeṣẹ́ fi sínú rẹ̀ mọ́bẹ̀. Bí ẹ bá ba rọ́bà náà jẹ́, kò sí ọ́ìlì tí ẹ lè fín sí i tó máa dé inú lọ́hùn-ún.

Ọwọ́ ni kí ẹ máa fi yí táyà ẹ̀yìn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi í sápò. Mo ti rí àwọn tó ń fi jíà kìíní sílẹ̀ kí táyà máa yí fúnra rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi àkísà nu ṣéènì. Ibi tí ìka ọwọ́ ń lọ nìyẹn. Bó bá mọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì rẹ̀ sí apá inú tó ń kan eyín jíà, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó gùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara ògiri aládùúgbò yín ni ọ́ìlì náà máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ṣéènì mú níbi tó wà lẹ́yìn pátápátá lára jíà ẹ̀yìn, ẹ fà á sẹ́yìn. Bí ó bá kúrò lára jíà débi pé ẹ rí ìdajì eyín, ó ti lo ìgbà rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ òun àti jíà méjèèjì pọ̀; ṣéènì tuntun lórí jíà tó ti gbó, owó tó wọnú omi ni. Bó bá ṣì dára, ìwé máṣíìnì ló máa sọ bó ṣe yẹ kó dẹ̀ tó. Ibi tó bá le jù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí ṣéènì tó ti pẹ́ kì í dẹ̀ dọ́gba.

5. Bíréèkì. Ibi tí mi ò ti ní bá yín ṣeré nìyí. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré, orí irin róbótó méjì ni bíréèkì ń rìn lé lọ síwá-sẹ́yìn. Iyọ̀ àti eruku páàdì á dì mọ́ ọn, á há. Páàdì kan á wá máa jẹ tán, èkejì á ṣì nípọn, ẹ̀yin á sì máa yangàn pé páàdì yín ṣì wà torí pé èyí tó wà níta nìkan lẹ rí. Ẹ gbé máṣíìnì sórí ìdúró rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí táyà. Bí kò bá yí lọ geere, nǹkan há. Ẹ yọ páàdì, ẹ fi oògùn ìfọbíréèkì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ àyíká písítìn kí ẹ tó tì í padà. Ẹ má ti ìdọ̀tí wọlé. Gíríìsì tí kì í ba rọ́bà jẹ́ ni kí ẹ fi pa irin róbótó náà, díẹ̀ báyìí. Ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kan díìsì tàbí páàdì. Omi bíréèkì ńkọ́? Òun náà ń fa omi, ọdún méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ta sára ọ̀dà, ẹ tètè fi omi ṣàn án, torí á bó o. Ẹni tí kò bá tú bíréèkì rí, kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

6. Ọ́ìlì àti bátìrì. Ẹni tó ń lọ láti ilé adìẹ dídín dé ojúlé kejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde. Bí ọ́ìlì bá ti funfun lójú gíláàsì rẹ̀, ẹ dà á nù. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń tó fóòtì 12.6, bó bá ti wálẹ̀ kọjá 12.4, ẹ ṣáàjì rẹ̀.

7. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi nu gbogbo ara rẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí nọ́ọ̀tì tó ti dẹ̀, wáyà tó ti bó, àti ojú kéékèèké tí iyọ̀ ti lu sára ọ̀pá iwájú méjèèjì tó ń dán. Ojú wọ̀nyẹn ń ya rọ́bà tó há ọ́ìlì mọ́nú. Ọ́ìlì á jò sílẹ̀, ó sì lè dé orí bíréèkì. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, ẹ fín oògùn adènà ìdógùn-ún bí ACF-50 sí irin tó wà níta, àfi díìsì, páàdì àti táyà.

8. Táyà: fún máṣíìnì tó ju 50cc lọ, òfin ibí ní kí ojú rẹ̀ jìn tó milimítà 1, ó kéré tán, lórí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀, kí ìyókù sì ṣì hàn. Ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n wọ̀n.

9. Ẹ̀yin tí ẹ yá máṣíìnì gùn, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: olówó rẹ̀ ló yẹ kó fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ẹ bá a jà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà lórí rẹ̀ láago mọ́kànlá òru, ẹ yẹ bíréèkì wò ná.

10. Bí ẹ bá parí, kí ẹ tó kúrò níwájú ilé, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì léraléra títí wọ́n á fi le. Lẹ́yìn tí a bá ti písítìn padà, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ kì í mú nǹkan kan.