Orí Kẹfà: Nígbà tí Ẹ́ńjìnnì Bá Dín Agbára Ara Rẹ̀ Kù

Ọkọ̀ ń lọ geere, ló bá ṣàdédé wúwo. Ẹ tẹná mọ́ ọn, kò gbéra. Iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á ní epo burúkú ni, tàbí kí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ kú. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fà sẹ́yìn kó má baà bàjẹ́.

Ní 1979, ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé Motronic jáde nínú ọkọ̀ BMW 732i. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń darí epo àti iná plọ́ọ̀gì pọ̀. Irú kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box. Sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú knock sensor. Bí iná plọ́ọ̀gì bá yá jù, tàbí tí epo kò dára, epo á bú gbàmù nínú sílíńdà kó tó yẹ, á sì máa lu písítìnì kọ-kọ-kọ. Sẹ́ńsọ̀ yìí á gbọ́ ọ, brain box á sì fa àkókò iná sẹ́yìn títí ariwo á fi dẹ́kun. Bí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ bá wá kú ńkọ́? Brain box kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, kò sì ní fi písítìnì ta tẹ́tẹ́. Nínú Toyota, ńṣe ló máa ń fa iná sẹ́yìn dé ibi tó lè fà á dé, á sì fi í síbẹ̀. Písítìnì á bọ́ nínú ewu, ṣùgbọ́n agbára á dín kù, epo á sì máa jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó máa ń dùn mí pé àwọn èèyàn ń pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo nítorí irú èyí.

Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ooru omi ló bàjẹ́, Toyota á kàn gbà pé omi wà ní 80°C, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ti kọ́ìlì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ Toyota, kọ́ìlì gbọ́dọ̀ dá brain box lóhùn ní gbogbo ìgbà tó bá ta iná. Bí ìdáhùn kò bá wá, brain box á ti epo pa. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, epo tí kò jó á lọ jó nínú kátálíìsì, ìyẹn àpótí tó ń fọ èéfín mọ́ lọ́nà sàlẹ́ńsà, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ ọ.

Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí brain box kì í sábà rí ohun fi dípò ìròyìn rẹ̀: ti kránkì. Bó bá kú, brain box kò mọ ibi tí písítìnì wà, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì á sì paná.

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn láìṣẹ́jú, ẹ rọra wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹwọ́ eré, kẹ́ ẹ dúró níbi tí kò léwu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ yọ orí bátìrì: ó lè pa kóòdù àṣìṣe tí brain box ti kọ sílẹ̀ rẹ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ìhò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ka kóòdù náà. Kóòdù P0325, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí ọ̀nà iná knock sensor. Wáyà tí eku jẹ lè fà á, sẹ́ńsọ̀ tó kú náà lè fà á. Kí rewáyà fi mítà yẹ wáyà wò kẹ́ ẹ tó náwó ra sẹ́ńsọ̀.