Àbámọ̀ Ẹni tí Ó Ta Tẹ́tẹ́
Kíkà: Mátíù 27:3–5, Jòhánù 21:1–17

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí apẹja Molútẹ̀hìn bá fi owó àwọ̀n ta lọ́tò, yóò wí pé, “Nọ́ńbà tí mo fi sílẹ̀ ni ó jáde!” Bẹ́ẹ̀ ni yóò tún tà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 5 ni a ń yọ nínú 90. Kí 2 tí ènìyàn mú jáde pọ̀, bí ìgbà 1 nínú 400 ni. Àdánù àná kò fi nǹkan kún oríire òní.

Júdásì kábàámọ̀, ó lọ pokùnso. Pétérù sọkún, ó padà sọ́dọ̀ Jésù létí òkun, a sì tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lépa owó tí ó ti lọ. Ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run àti fún ará ilé yín, kí ẹ sì tún àwọ̀n yín ṣe.

Ìbéèrè: Ti ta ni àbámọ̀ wa jọ, ti Júdásì tàbí ti Pétérù?