Ọwọ́, Iṣan àti Kòtẹ́milọ́rùn: Èdè-Ìperí fún Ẹjọ́ Àwọn Ológun Àná Amẹ́ríkà tí Ọrùn Ọwọ́ Wọn Bàjẹ́

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ wò tí ògbufọ̀ ń bá pàdé nínú ìwé ẹjọ́ àwọn ológun àná Amẹ́ríkà tí ọwọ́ tàbí ọrùn ọwọ́ wọn bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ológun ní orílẹ̀-èdè náà. Òfin ibẹ̀ sì gba ẹ̀rí ìyàwó, òbí tàbí ọ̀rẹ́ nípa ohun tí ojú wọn rí. Bí òbí tí ó wà ní Ìbàdàn bá jẹ́rìí ní Yorùbá, a ó túmọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìpinnu bá sì jáde, a ó là á yé e ní Yorùbá. Níbi méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́ sí.

Èrò wa ni pé kò yẹ kí a máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún gbogbo nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá kó nǹkan méjì mọ́ra, tí òfin sì ń sanwó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé wọn lórí, ibẹ̀ ni ó ti di dandan kí a la ọ̀rọ̀ náà sí méjì.

2. Ìlànà òfin ní ṣókí

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí ni a mọ̀ sí VA. Ohun mẹ́ta ni olùbéèrè ní láti fi hàn: pé àìlera náà wà lára rẹ̀ nísinsìnyí, pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i nígbà iṣẹ́ ológun, àti pé èyí ni ó fa tọ̀hún. Bí ẹ̀rí tí ó gbè é àti èyí tí ó takò ó bá dọ́gba, òun ni òfin ní kí a gbè. Lẹ́yìn èyí ni a ó fún àìlera náà ní ìdá kan, láti orí 0 títí dé 100.

A kò lo ‘ajagunfẹ̀yìntì’ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń mú owó ìfẹ̀yìntì wá sọ́kàn. Ẹni tí ó lo ọdún mẹ́ta péré lẹ́nu iṣẹ́ lè ní ẹ̀tọ́ sí owó yìí. ‘Ológun àná’ ni a fara mọ́.

3. Ọwọ́

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká títí dé orí ìka. Nínú òfin yìí, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ìka kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlà tirẹ̀. A kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun níhìn-ín. Kí ògbufọ̀ sáà béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí, kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, bóyá ọrùn ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ìka ni ó ń sọ.

Ibi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ ni ti ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé òfin sábà máa ń fún ọwọ́ yìí ní ìdá tí ó ga ju ti èkejì lọ. ‘Ọwọ́ ọ̀tún’ kò tó láti túmọ̀ rẹ̀. Láàárín wa, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹun, òun ni a sì fi ń fún àgbà ní nǹkan. Ọlọ́wọ́ òsì pàápàá ni a ń kọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Nítorí náà, bí ìyá bá jẹ́rìí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ òun fi ń jẹun, ìyẹn kò fi hàn pé òun ni ó fi ń kọ̀wé tàbí pé òun ni ó fi ń di òòlù mú. A dábàá ‘ọwọ́ amúṣẹ́ṣe’ fún èyí àkọ́kọ́ àti ‘ọwọ́ alátìlẹ́yìn’ fún èkejì. Bí ọwọ́ méjèèjì bá dọ́gba lẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kí a ka èyí tí ó fara pa, tàbí èyí tí ó fara pa jù, sí amúṣẹ́ṣe.

4. Líle àti gígan

‘Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ le.’ Gbólóhùn yìí lè túmọ̀ sí pé oríkèé náà ń yí ṣùgbọ́n tí kò yí dé ibi tí ó yẹ. Ó sì lè túmọ̀ sí pé kò yí rárá. Ìyàtọ̀ owó tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré. Ọrùn ọwọ́ tí ó yè máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ dé ìwọ̀n 70 dígírì, ó sì ń tẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ dé 80. Bí ìtẹ̀sẹ́yìn kò bá pé 15, tàbí tí ìtẹ̀sátẹ́lẹwọ́ kò lè kọjá ìlà apá, ìdá 10 ni, kò sì sí èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ìlà náà. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ti gan síbi kan, ìdá ọwọ́ amúṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 30, ó sì lè dé 50.

A dábàá ‘àdínkù ìrìn oríkèé’ fún ti àkọ́kọ́, àti ‘gígan oríkèé’ fún ti èkejì. Kí a fi ‘líle’ sílẹ̀ fún ẹnu ẹlẹ́rìí.

Dígírì nìkan kò sì tó. Láti ìgbà ìdájọ́ DeLuca v. Brown ní 1995, ó ti hàn gbangba pé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ka ìrora, àárẹ̀ àti àìlágbára tí ó ń dín ìlò oríkèé kù. Ẹlẹ́rìí tí ó bá sọ pé ‘ó lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fọ aṣọ méjì, kò lè dì í mọ́’ ti sọ ohun tí òfin ń wá. Kí ògbufọ̀ má ṣe gé e kúrú.

5. Iṣan

Níhìn-ín ni ìṣòro ti pọ̀ jù. ‘Iṣan’ ni a ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ni a ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan náà ni a tún ń pe èyí tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Nínú ọ̀nà tóóró tí ó wà lábẹ́ ọrùn ọwọ́, okùn mẹ́sàn-án tí ń fa ìka àti iṣan kan tí ó so ọwọ́ mọ́ ọpọlọ ni wọ́n jọ ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ibẹ̀ bá wú, iṣan kan ṣoṣo yìí ni a ń tẹ̀ pa.

‘Iṣan ẹ̀jẹ̀’ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Fún okùn, a dábàá ‘iṣan ìfà’. Fún ẹ̀kẹta, àwọn kan lè fẹ́ ‘iṣan ìmọ̀lára’, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà sọ, nítorí pé iṣan kan náà ni ó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò gbéra. ‘Iṣan ajíṣẹ́’ dára jù: ó ń jíṣẹ́ ọwọ́ fún ọpọlọ, ó sì ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́.

Owó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ìpalára iṣan ajíṣẹ́ àárín ọwọ́ amúṣẹ́ṣe lè gba ìdá 10, 30, 50 tàbí 70. Bí ògbufọ̀ bá sọ ọ́ di iṣan ìfà, ó lè jẹ́ pé ìlà oríkèé, tí kò kọjá 10, ni a ó wọ̀n ọ́n sí. Nítorí náà, kí ó béèrè: Ǹjẹ́ ọwọ́ náà ń kú? Ǹjẹ́ ó ń gún un bí abẹ́rẹ́ lóru? Ìka wo ni? Àtàǹpàkò, ìka méjì tí ó tẹ̀lé e àti ìdajì ìka kẹrin ni ti iṣan yìí; ìka ọmọńdinrín jẹ́ ti iṣan mìíràn.

Òfin ń pe gbogbo ìpalára yìí ní ‘rírọ’, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń kú lásán ni. Kí a má ṣe kọ ‘arọ’, nítorí pé ẹni tí ó ń rìn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, yóò kọ orúkọ náà, ó sì lè kọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. ‘Rírọ aláìpé’ àti ‘rírọ pátápátá’ ni ó yẹ.

6. Kòtẹ́milọ́rùn

Ọ̀rọ̀ yìí dára púpọ̀, ó sì ti fìdí múlẹ̀ ní kóòtù wa. Ṣùgbọ́n òfin tí a fọwọ́ sí ní 2017, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2019, la ọ̀nà mẹ́ta fún ẹni tí ìpinnu kò tẹ́ lọ́rùn. Èkínní nílò ẹ̀rí tuntun tí ó kan ọ̀ràn náà. Nínú èkejì, òṣìṣẹ́ àgbà ni yóò tún ìwé kan náà wò, kò sì ní gba ẹ̀rí tuntun kankan. Ẹ̀kẹta ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́. Ọdún kan ni ènìyàn ní láti bèèrè èkejì tàbí ẹ̀kẹta. Èkínní kò ní gbèdéke, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ kí ọdún kan kọjá lè pàdánù owó ẹ̀yìn.

Bí a bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kòtẹ́milọ́rùn, ẹni tí ó ní ìwé dókítà tuntun lọ́wọ́ lè gba ọ̀nà kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ṣí ìwé náà wò. A dábàá ‘ìbéèrè afẹ̀ríkún’ fún èkínní, ‘àtúnyẹ̀wò àgbà’ fún èkejì, kí a sì fi ‘kòtẹ́milọ́rùn’ mọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àti kóòtù tí a dá sílẹ̀ ní 1988 láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ológun àná.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

Ọwọ́ amúṣẹ́ṣe: ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ jù.
Ọwọ́ alátìlẹ́yìn: ọwọ́ kejì.
Àdínkù ìrìn oríkèé: kí oríkèé máa yí, kí ó má yí tán.
Gígan oríkèé: kí oríkèé má yí rárá.
Iṣan ìfà: okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun.
Iṣan ajíṣẹ́: iṣan tí ó so ara mọ́ ọpọlọ.
Rírọ aláìpé: ìpalára iṣan ajíṣẹ́ tí kò pa á tán.
Ìbéèrè afẹ̀ríkún: ìbéèrè tí a fi ẹ̀rí tuntun tì lẹ́yìn.
Àtúnyẹ̀wò àgbà: àtúnyẹ̀wò tí kò gba ẹ̀rí tuntun.

Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ìwọ̀nyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a fi ọ̀rọ̀ kan bo nǹkan méjì mọ́lẹ̀ nígbà tí a mọ̀ pé ẹnì kan ni yóò jìyà rẹ̀.