Lámilámi Etí Odò

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ohun tí ó yẹ kí á wò a máa pọ̀ ní etí odò. Lónìí a ó rìn lọ sí etí odò Ọ̀ṣun, nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Wọn kì í dọdẹ nínú igbó yìí, wọn kì í sì í pẹja níbẹ̀. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí á rìn jẹ́jẹ́. Alariwo kì í rí nǹkan kan. Ẹ gbójú sókè, ọ̀bọ wà lórí igi. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan já sómi gbàmù, ó lè jẹ́ awọ́nríwọ́n. Ó ti rí wa kí á tó rí i.

Ṣùgbọ́n lámilámi gan-an ni a wá wò. Oríṣi méjì ni. Bí lámilámi ńlá bá bà, yóò na ìyẹ́ rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Èkejì kéré, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Bí òun bá bà, ó sábà máa ń pa ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má bẹ̀rù wọn. Wọn kì í ta ènìyàn.

Ṣé ẹ rí èyí tó ń fi ìdí kan omi, tó ń fò, tó tún ń kàn án? A máa ń rò pé ó ń lá omi ni, bí orúkọ rẹ̀ ti jọ. Rárá o. Abo ni, ẹyin ló ń yé. Lámilámi kékeré ní tirẹ̀ a máa dá ihò sí ara koríko inú omi, a sì fi ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà mìíràn akọ rẹ̀ á di ọrùn rẹ̀ mú títí yóò fi yé e tán.

Ọmọ tó bá jáde kò ní ìyẹ́. Inú omi ló ń gbé, ó sì ń jẹ tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tí ń jó nínú omi. Ọmọ lámilámi kékeré ní ìrù mẹ́ta bí ewé, ó ń fi wọ́n mí. Nígbà tó bá dàgbà, á gun koríko jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, lámilámi á sì jáde. Awọ gbígbẹ rẹ̀ á kù sórí koríko.

Nítorí náà, ohun tí a bá dà sódò, ara ọmọ yìí ló ń dà sí. Àwọn kan ń da oògùn kòkó sómi láti fi pa ẹja. Àwọn mìíràn ń fọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi fọ́n oògùn ní etí odò. Oògùn náà ń pa ọmọ lámilámi, ó ń pa ọmọ ẹja, àwa náà sì ń jẹ ẹja yẹn! Odò Ọ̀ṣun pàápàá ti pọ́n rúsúrúsú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí àwọn tí ń wa góòlù lókè odò. Omi rẹ̀ kò yẹ ní mímu.

Odò tiyín ńkọ́? Ẹ mú abọ́ funfun lọ. Ẹ dúró sórí ilẹ̀, kí ẹ bu omi pẹ̀lú ewé jíjẹrà etí odò. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ wá wo onírù mẹ́ta. Rírí rẹ̀ kò sọ pé omi náà ṣeé mu o. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì dà á padà síbi tí ẹ ti bù ú.