Ìmúra fún Àwòrán Ìparí Ẹ̀kọ́

Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama parí ẹ̀kọ́ wọn, a sábà máa ń pe ayàwòrán wá, kí ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, kí a lè tẹ àwòrán wọn sínú ìwé ìrántí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa rò pé iṣẹ́ ayàwòrán nìkan ni èyí, pé tiwọn kò ju kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì dìde. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ayàwòrán kò lè ya ohun tí kò sí níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ ya tirẹ̀, ó yá awò ojú dúdú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì fa fìlà bo iwájú orí. Ó wu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì rìn, ó ṣe aláìsí. Àwòrán yìí nìkan ni ó kù fún wa nílé. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́n tó láti béèrè ọ̀rọ̀, ó gbé e tọ ìyá wa lọ, ó ní, “Ìyá àgbà, báwo ni ojú bàbá mi ṣe rí?” Ìyá wa wo awò dúdú náà títí, kò rí èsì fọ̀.

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ̀wé ní ọdún 1978 nípa àwọn ayàwòrán ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣàkíyèsí pé bí àgbà bá fẹ́ ya àwòrán, aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù ni yóò wọ̀. Yóò jókòó gangan, yóò kọjú sí kámẹ́rà, yóò sì gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ìbejì lè pé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, a ó pààrọ̀ aṣọ fún èyí tí ó kù kí a tó tún un yà.

Nítorí náà, má ṣe fi ìmúra di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Gé irun rẹ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ojú abẹ lè jinná. Ìwọ ọmọbìnrin, má ṣe jẹ́ kí a di irun rẹ le koko ní alẹ́ tí ó ṣáájú, nítorí yóò fa ojú rẹ le. Sùn dáadáa.

Ti aṣọ ni ó gba àkíyèsí jù. Kámẹ́rà a máa wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn wá láti ara ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí aṣọ funfun bá pọ̀, yóò ṣe bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú ènìyàn dúdú yóò sì ṣókùnkùn. Bí aṣọ ilé-ìwé rẹ bá jẹ́ funfun, fi ọ̀wọ̀ bẹ ayàwòrán kí ó wọn ìmọ́lẹ̀ ojú, kí ó má ṣe wọn ti aṣọ. Àtíkè kọ́ ni oògùn rẹ̀. (Ẹni tí ó bá kun àtíkè títí tí ó fi di ẹni pupa, àwòrán ẹlòmíràn ni ó yà.) Òógùn iwájú orí ni kí o nù, nítorí a máa dán bí dígí. Bí o bá ń lo awò ojú lójoojúmọ́, má ṣe bọ́ ọ, ṣùgbọ́n rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bo ẹyinjú rẹ. Ohun tí o yá ni kí o fi sílẹ̀.

Bí a bá ti yà ọ́ tán, bẹ̀bẹ̀ kí o wò ó kí o tó dìde. Bí o bá dijú, kí a tún un yà. Jẹ́ kí a tẹ ọ̀kan sórí ìwé, kọ orúkọ rẹ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, kí o sì fún ìyá rẹ, nítorí èyí tí ó wà nínú fóònù nìkan a máa bá fóònù lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò ya tirẹ̀ ní ọdún yìí. Ìyá wa ti sọ pé òun fúnra òun ni yóò lọ aṣọ rẹ̀.