Orúkọ Ló Ń Jẹ Gbèsè, Kì í Ṣe Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Owó ẹyọ ni àwọn àgbà ń kà nígbà tí wọ́n pa òwe náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò tíì gbó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Birmingham lónìí, ẹgbẹ̀fà ọ̀hún lè jẹ́ bíìlì gáàsì ọgọ́rin pọ́ùn tí ẹnì kan gbàgbé sí ilé tó ti kó kúrò níbẹ̀. Egbèje tó dínà rẹ̀ lè jẹ́ owó tó fẹ́ yá ní báǹkì láti fi ra ilé, ó lè jẹ́ fóònù tó fẹ́ máa san díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jẹ́ àkáǹtì tí owó oṣù rẹ̀ máa gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè yé ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Nílé, ara ilé ni gbèsè iná máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ayálégbé bá kó jáde láìsan bíìlì, orí ẹni tó kó wọlé tẹ̀ lé e ni àwọn oníná máa ń wá gé wáyà lé, onílé á sì máa bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó jẹ gbèsè ti wà ní àdúgbò mìíràn, ó ń jẹ iyán rẹ̀ lọ. Ní Britain, ẹni tó jẹ ẹ́ ni wọ́n ń bá lọ. Ẹni tó bá ti Peckham kó lọ sí Leeds, gbèsè gáàsì Peckham á bá a dé Leeds, ẹni tó sì kó wọ yàrá tó fi sílẹ̀ kò ní í bá a pín nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àdírẹ́sì kan lè bàjẹ́ nítorí onígbèsè tó gbé ibẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbé inú ilé kan náà pẹ̀lú onígbèsè kò so orúkọ èèyàn mọ́ tirẹ̀. Owó tí wọ́n bá jọ ní ló ń so wọ́n pọ̀: àkáǹtì tí orúkọ méjèèjì wà lórí rẹ̀, tàbí owó ilé tí tọkọtaya jọ yá.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè ní Britain: Experian, Equifax àti TransUnion. Báǹkì, ilé-iṣẹ́ fóònù, àti púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta gáàsì, iná mànàmáná àti omi ló ń fi ìròyìn àwọn oníbàárà wọn ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Ẹni tó bá ṣí ìwé tirẹ̀ wò á rí ìlà kan fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan àti àpótí kékeré kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù tó san, àmì dáadáa á wà níbẹ̀. Oṣù tó kọ́kọ́ jẹ, 1 á wọlé. Bí kò bá tún san, 2 á tẹ̀ lé e. Bí gbèsè náà bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan á bọ́ sórí ìlà náà tí kò ní í tètè kúrò: default, ìyẹn ni pé onítọ̀hún ti kùnà láti san. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí onígbèsè ní ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ọdún 6 ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbé lórí orúkọ èèyàn. Bí onígbèsè bá san owó náà lọ́la, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti san án, èyí sì sàn gan-an lójú ẹni tó fẹ́ yá a lówó, ṣùgbọ́n ìlà náà á ṣì pé ọdún 6 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ default. Ti ọgọ́rin pọ́ùn àti ti ẹgbẹ̀rin pọ́ùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó bá ti Abẹ́òkúta dé sí Coventry, tó gba ilé tí owó iná kò sí nínú owó ilé rẹ̀, lè rí lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ “The Occupier” sí lára. Yóò rò pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí, yóò sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Òun gan-an ni. Láti ọjọ́ tí ilé ti di tirẹ̀ láti máa gbé ló ti wà nínú àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ń fún ilé náà ní iná, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: kó pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kó wọlé, kó fún wọn ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà tó wà lójú mítà, kó sì ya fọ́tò mítà náà pa mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì jókòó láì fi bíìlì ránṣẹ́, tí wọ́n wá dé lójijì pẹ̀lú owó ọdún mẹ́ta, òfin tó wà láti 2018 kò gbà wọ́n láyè láti gba owó iná tó ti lé ní oṣù 12 sẹ́yìn, bí ẹ̀bi náà bá jẹ́ tiwọn.

Gbogbo bíìlì kọ́ ló ń gba ọ̀nà kan náà. Ní England àti Wales, òfin 1999 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ omi gé omi ilé tí èèyàn ń gbé. Omi ń ṣàn, gbèsè ń gorí gbèsè, kò sì sí ẹni tó wá kanlẹ̀kùn, títí ọjọ́ tí onítọ̀hún máa lọ yáwó.

Council tax, owó tí káńsù ń gbà lórí ilé, tún yàtọ̀. Káńsù kì í sábà fi orúkọ ẹni tó pẹ́ san án ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn, ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan fi í sẹ́yìn pátápátá. Àṣìṣe gbáà ni. Ẹni tó bá pa owó oṣù jẹ tí kò sì fèsì sí ìkìlọ̀, káńsù lè ní kó kó owó tó kù lọ́dún náà wá pa pọ̀. Wọ́n lè gba àṣẹ ní ilé ẹjọ́ májísíréètì, kí wọ́n máa yọ owó náà lára owó oṣù rẹ̀, tàbí kí wọ́n rán àwọn agbowó tó lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti lo káàdì gbèsè láti fi pa iná yìí, ti káàdì yẹn ló sì wá hàn nínú ìwé.

Èyí tó léwu jù ni gbèsè tó bá dé county court ní England àti Wales. Àdírẹ́sì onígbèsè tí olùpẹ̀jọ́ mọ̀ kẹ́yìn ni ìwé ìpẹ̀jọ́ máa ń lọ. Ẹni tó ti kó lọ kò ní í rí i, ọjọ́ 14 tó yẹ kó fi fèsì á kọjá, ilé ẹjọ́ á sì dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdájọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní CCJ, inú ìwé àkọsílẹ̀ gbangba ló sì ń gbé fún ọdún 6. Bí onígbèsè bá san gbogbo owó náà láàárín oṣù kan tí wọ́n dá ẹjọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí oṣù kan bá ti kọjá, sísan kò lè yọ ọ́ mọ́. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé ó ti san án. Ẹni tí kò mọ̀ rárá pé wọ́n pe òun lẹ́jọ́ lè fi fọ́ọ̀mù N244 bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n yí ìdájọ́ náà padà, ṣùgbọ́n kó yára.

Báǹkì wá ńkọ́? Àkáǹtì gidi tó ní overdraft, ìyẹn àyè láti ná ju owó tó wà nínú rẹ̀ lọ, báǹkì á kọ́kọ́ wo ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn kí wọ́n tó ṣí i. Default kan tàbí CCJ kan lè mú kí wọ́n kọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á sáré lọ sí báǹkì kejì, ìkẹta, ìkẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè fi àmì sínú ìwé, àmì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì ń mú kí onítọ̀hún jọ ẹni tí ọ̀ràn owó ti dà rú mọ́ lójú.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Láti oṣù kẹsàn-án 2016, òfin ti pàṣẹ fún àwọn báǹkì ńlá ilẹ̀ náà, títí kan Barclays, Lloyds, NatWest, Santander àti Nationwide, pé kí wọ́n máa ṣí àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní basic bank account. Wọn kò gbọ́dọ̀ torí gbèsè àtẹ̀yìnwá kọ̀ ọ́ fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní Britain tí kò sì ní àkáǹtì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Owó oṣù ń wọ ibẹ̀, káàdì wà, bíìlì lè máa jáde láti ibẹ̀, báǹkì kì í sì í gba owó ìtanràn bí bíìlì kan bá dé tí owó ò sí nílẹ̀. Overdraft ni kò sí. Bí fọ́ọ̀mù bá ti pé, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni báǹkì ní, ó pẹ́ tán. Òṣìṣẹ́ orí káńtà lè má dárúkọ àkáǹtì yìí fúnra rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ ni kó pè é lórúkọ.

Ohun kan lè ba èyí pàápàá jẹ́. Báǹkì sábà máa ń béèrè bíìlì tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ibi tí èèyàn ń gbé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí bíìlì kankan lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ayédèrú. Bí báǹkì bá mú un, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé Cifas, níbi tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn jìbìtì sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún 6. Báǹkì tí kò lè torí gbèsè kọ̀ ọ́ lè torí jìbìtì kọ̀ ọ́. Lẹ́tà ibi iṣẹ́, lẹ́tà káńsù tàbí ìwé ilé tó fọwọ́ sí lè ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí wàhálà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí owó ò bá ká gbogbo bíìlì mọ́ ni kó kọ́kọ́ san owó ilé, council tax, gáàsì àti iná kó tó kan káàdì gbèsè, bó ti wù kí oníkáàdì pariwo tó. Àwọn ará ilé tó ń retí owó ní oṣù náà gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó dín. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó pe àwọn tó jẹ lówó, kó sọ iye tó lè máa san lóṣù. Citizens Advice, StepChange àti National Debtline ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù karùn-ún 2021, olùdámọ̀ràn tó ní àṣẹ lè gba Breathing Space fún ará England àti Wales: ọjọ́ 60 tí ẹnikẹ́ni kò ní í fi èlé kún ọ̀pọ̀ jù lọ gbèsè tàbí rán agbowó wá, gbèsè iná àti council tax pẹ̀lú.

Ìwé tí Experian, Equifax àti TransUnion ń tọ́jú, ọ̀fẹ́ ni láti wò ó lọ́dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ 28 láti fèsì, onítọ̀hún sì lè kọ àlàyé tirẹ̀ sí i, tí kò ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Àjọ tí èèyàn ń dá pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálááṣí, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó, kì í wọ inú ìwé yìí. Orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ń ran àkọsílẹ̀ èèyàn lọ́wọ́, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú sì lè forúkọ sílẹ̀, nítorí pé ọmọ Commonwealth ni.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 7 ni bíìlì tí wọ́n ti gbé fún agbowó lè pẹ́ lórí orúkọ, ChexSystems sì ń tọ́jú orúkọ àwọn tó jẹ báǹkì lówó fún ọdún 5. Nàìjíríà náà ti ń bọ̀ lọ́nà yìí: láti 2020, báǹkì tí èèyàn jẹ lówó ẹ̀yáwó lè tọ BVN rẹ̀ lọ yọ owó náà nínú àkáǹtì tó ní ní báǹkì mìíràn.

Ní Britain, ọjọ́ kíkó jáde ló ń bí ọ̀pọ̀ gbèsè kékeré báyìí. Ẹni tó ń kó lọ gbọ́dọ̀ tún ya fọ́tò mítà, kó fún ilé-iṣẹ́ gáàsì, iná, omi àti káńsù ní àdírẹ́sì tuntun, kó sì sanwó fún Royal Mail kí wọ́n máa darí lẹ́tà rẹ̀ síbẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta. Direct debit tó ń san bíìlì, kó má fagi lé e lọ́jọ́ náà. Kó dúró kí bíìlì ìkẹyìn dé, kó san án, kó sì gba ìwé pé àkáǹtì náà ti di òfo kó tó dá a dúró.