Àmì-Ìwọ̀n-Gíga Inú Ilé

Nílẹ̀ Yorùbá, pẹrẹgún ni ẹ̀rí ààlà láyé àtijọ́. Òpó kọnkéré àwọn awọnlẹ̀ ni ó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ààlà ni àmì awọnlẹ̀ máa ń mú wá sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní benchmark kò kan ààlà rárá. Bí ibì kan ti ga ju ojú òkun lọ ni ó ń fi hàn. A sábà máa ń fi í sára ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì: ìlà ìbú kan, pẹ̀lú ọfà tí ó kọjú sókè sí i. Ojú òkun tí wọ́n wọ̀n ní Newlyn láti 1915 sí 1921 ni ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn.

Bí olùtumọ̀ bá pe èyí ní "àmì ààlà", onílé ní Òsì tàbí Ìlọ́fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí awọnlẹ̀ bá wá irú àmì bẹ́ẹ̀ dé ìyẹ̀wù rẹ̀, lè rò pé wọ́n fẹ́ gba ilé òun. Ó sì lè ha á dànù. "Àmì gíga" náà kò tó, nítorí "àmì tí ó ga" ni yóò túmọ̀ sí. "Àmì-ìwọ̀n-gíga" ni ó ṣe rẹ́gí. Kí "òpó ààlà" máa jẹ́ ti ilẹ̀.